Ẹṣin Iwájú ni Ti Ẹ̀yìn Ń Wò Sáré: Ọ̀rọ̀ Lórí Iná Trélà Kékeré Tí Ọkọ̀ Ń Fà

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ní Thomas Estate, Ajah

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò jẹ mọ́ èlé orí owó, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san. Iná ni ọ̀rọ̀ wa, iná tó yẹ kó wà lẹ́yìn trélà kékeré tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà láti máa fi kó kánópì, àga àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí òde ìnáwó. Owó trélà náà ti wà nínú ètò ìnáwó tí ẹ ó dìbò lé lórí. Owó wáyà àti iná rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀, nítorí àwọn kan láàárín wa gbà pé trélà kò ní ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kò ní ìyọnu, iná ọkọ̀ tó ń fà á ti tó fún un. Àwa wí pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó na ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Trélà tí à ń wí yìí kì í ṣe trélà gbọọrọ tó ń kó kọ̀ǹténà láti èbúté Àpápá. Èyí tí a ń sọ ni trélà onítáyà méjì tàbí mẹ́rin tí a ń fi ìkọ́ so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré tàbí bọ́ọ̀sì. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ lé, irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí ọ̀sà.

TA NI INÁ Ẹ̀YÌN WÀ FÚN?

Kò sí awakọ̀ tó ń rí iná ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ni ín. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní òru, lójú ọ̀nà Lekki sí Epe, ẹni ẹ̀yìn kò rí ẹṣin, iná pupa méjì ló ń rí. Nígbà tí a bá sì so trélà mọ́ ọkọ̀, tí a to àga lé e gègèrè, trélà ti bo iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì, iná bíréèkì ọkọ̀ tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àga ló ń tàn sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí 22 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni tó ń wà á bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ronú pé, “Kí ni dúdú tó wà níwájú yìí?”, ó ti rin 44 mítà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún tún wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì, tí a ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọjá wa, apá òsì wa ni yóò gbà. Bí iná òsì trélà bá kú, tó ku ti ọ̀tún nìkan, ẹni ẹ̀yìn yóò rò pé alùpùpù kan ló rọra ń lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Yóò yà díẹ̀ láti kọjá, igun òsì trélà tí kò rí ni yóò sì forí sọ. Iná kan ṣoṣo tó ń tàn lè tan ènìyàn jẹ ju kó má sí iná rárá lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé òde tí à ń lọ kò jìnnà, láti Thomas Estate sí Abraham Adesanya tàbí sí Badore ni. Òótọ́ ni, ọ̀sán la ó gbé àga lọ. Ṣùgbọ́n òde ìnáwó wo ló ń parí ní ọ̀sán? Òru la ó gbé e padà, nígbà tí ó ti rẹ awakọ̀, tí ó sì ti rẹ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

IṢẸ́ TÍ INÁ TRÉLÀ Ń ṢE

Iṣẹ́ mẹ́rin ni. Èkíní ni iná ẹ̀yìn pupa, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún, tó ń sọ bí trélà ṣe fẹ̀ tó. Èkejì ni iná bíréèkì, tó mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ni tráfíkétọ̀ òsì àti ti ọ̀tún. Ẹ̀kẹrin ni iná kékeré tó ń tàn sí nọ́ńbà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ó yẹ kí gíláàsì pupa tó ń dán bí iná bá tàn sí i wà ní igun méjèèjì. Ní Yúróòpù, onígun mẹ́ta ni ti trélà máa ń jẹ́, kí ẹni ẹ̀yìn lè mọ̀ pé nǹkan tí ọkọ̀ ń fà ló wà níwájú òun. Gíláàsì yìí kò lo wáyà, kò lo bátìrì. Ọjọ́ tí gbogbo iná bá kú, òun nìkan ni yóò ṣẹ́ kù.

WÁYÀ TÍ ẸNIKẸ́NI KÌ Í KÀ SÍ

Bí a bá ní kí a sọ ohun kan ṣoṣo fún yín lórí wáyà trélà, ohun náà ni èyí: ẹ ṣọ́ wáyà tó ń dá iná padà, èyí tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní earth. Iná bátìrì dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Bó bá lọ, ó gbọ́dọ̀ padà wálé kí iṣẹ́ tó parí. Nínú ọkọ̀, irin ara ọkọ̀ ló ń gbà padà sí bátìrì. Ṣùgbọ́n irin trélà kì í ṣe irin ọkọ̀. Ìkọ́ tí a fi so wọ́n pọ̀ ní gírísì, ó ní ìpẹtà, ó sì ń mì ní gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí. Ẹni tó bá fi ìkọ́ yìí ṣe ọ̀nà àbọ̀ fún iná, iná rẹ̀ yóò máa tàn, yóò máa kú, bí ọ̀nà bá ṣe rí.

Nítorí náà, earth gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti iná kọ̀ọ̀kan dé púlọ́ọ̀gì iwájú, kó sì nípọn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Búlọ́ọ̀bù bíréèkì jẹ́ wáàtì 21, méjì sì ni, ó di 42. Iná ẹ̀yìn méjì, wáàtì 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 10. Tráfíkétọ̀ kan jẹ́ 21, iná nọ́ńbà jẹ́ 5. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lálẹ́ tó tún fẹ́ yà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 78. Ẹ fi fóòtì 12 pín in, ó jẹ́ áḿpíà 6 àti ààbọ̀. Wáyà mìíràn pín ẹrù yìí láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n earth nìkan ló ń ru gbogbo rẹ̀ padà. Bí àwọn yòókù bá jẹ́ mílímítà 1.5 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta wáyà, kí earth jẹ́ 2.5.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé earth ti bàjẹ́? Ẹ tẹ tráfíkétọ̀ òsì, iná ọ̀tún náà ń ṣẹ́jú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì, iná ẹ̀yìn ń rẹ̀wẹ̀sì dípò kó mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ má tíì ra búlọ́ọ̀bù tuntun o. Iná tí a rán níṣẹ́ kò rí ọ̀nà padà ni, ó wá ń gba inú búlọ́ọ̀bù mìíràn wá ọ̀nà àbọ̀. Púpọ̀ nínú owó tí àwọn ènìyàn ń ná lórí búlọ́ọ̀bù, earth ni ì bá ti tún un ṣe.

ÀWỌ̀ WÁYÀ: TI YÚRÓÒPÙ ÀTI TI AMẸ́RÍKÀ

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wa, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ trélà tí wọ́n ń tà. Ọkọ̀ lè ti Amẹ́ríkà wá, kí trélà ti ìlú Ọba tàbí Jámánì wá. Èdè méjì ni wọ́n ń sọ.

Ti Yúróòpù tí a mọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rí róbótó, ó ní ojú méje. Wáyà yẹ́lò ni tráfíkétọ̀ òsì. Wáyà àwọ̀ ewé ni tráfíkétọ̀ ọ̀tún. Pupa ni bíréèkì. Dúdú ni iná ẹ̀yìn òsì, búráùn ni iná ẹ̀yìn ọ̀tún. Búlúù ni iná ìgbà kùrukùru. Funfun ni earth.

Ti Amẹ́ríkà fún trélà kékeré, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó ní ojú mẹ́rin péré. Funfun ni earth níbẹ̀ pẹ̀lú. Búráùn ni iná ẹ̀yìn méjèèjì. Yẹ́lò ni apá òsì, àwọ̀ ewé ni apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: kò sí wáyà bíréèkì lọ́tọ̀. Búlọ́ọ̀bù kan náà ló ń ṣe bíréèkì tó tún ń ṣe tráfíkétọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí tráfíkétọ̀ ọkọ̀ bá yàtọ̀ sí bíréèkì rẹ̀, tí trélà sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, rẹ́wáyà tó ń kánjú yóò kàn so wáyà bíréèkì pọ̀ mọ́ ti òsì àti ti ọ̀tún. Ní kété tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti so òsì mọ́ ọ̀tún nìyẹn. Ẹ tẹ tráfíkétọ̀ òsì, ọ̀tún náà ń ṣẹ́jú, iná bíréèkì ọkọ̀ náà ń bá wọn ṣẹ́jú, ẹni ẹ̀yìn kò sì mọ èwo ni kí òun gbà gbọ́. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ bíréèkì àti ti tráfíkétọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń dà wọ́n pọ̀ fún trélà bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí a rà á.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti òde òní, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń tan iná, òun náà ló ń ṣọ́ búlọ́ọ̀bù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà rẹ̀ láti fi tan iná trélà. Irú àpótí tó ń gba agbára tirẹ̀ tààrà láti bátìrì la ó lò, pẹ̀lú fíúùsì nítòsí bátìrì. Wáyà iná ọkọ̀ yóò kàn máa sọ fún àpótí náà ìgbà tó yẹ kó tan iná, kò ní ru ẹrù trélà.

Ohun kan kù lórí àwọ̀. Àwọ̀ lè purọ́. Ẹni tó lo trélà ṣáájú wa lè ti yí wáyà padà pẹ̀lú èyí tó rí lọ́wọ́. Tẹ́sítà kì í purọ́. Kí rẹ́wáyà dán wáyà kọ̀ọ̀kan wò, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó so ohunkóhun pọ̀.

OMI ÒKUN, OMI Ọ̀SÀ, OMI ÒJÒ

Àwa tí a ń gbé ní Ajah mọ ibi tí a wà. Òkun wà ní apá kan, ọ̀sà wà ní apá kejì, bí òjò bá sì rọ̀, omi á gba ojú títì. Atẹ́gùn iyọ̀ tó ń jẹ páànù òrùlé wa, kò ní fojú fo wáyà. Bí wáyà tí a kàn lọ́ pọ̀, tí a fi tépù wé, bá mu omi iyọ̀, bàbà inú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á di dúdú, á já.

Nítorí náà, kí oríkèé wáyà kéré níye. Èyí tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kí a fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí a sì ki rọ́bà tó ń sún bó bá gbóná bọ̀ ọ́ lára kí omi má lè wọlé. Níbi tí earth bá ti kan irin trélà, kí a ha kun àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi dán, kí a fi nọ́ọ̀tì dè é le, kí a wá fi gírísì bò ó. Kí wáyà gba inú páìpù rọ́bà lábẹ́ trélà, kó má ṣe máa rọ̀ dirodiro. Ní iwájú, kí ó gùn tó láti yà ní kọ́nà láì já, ṣùgbọ́n kó má gùn débi tí yóò máa wọ́ nílẹ̀.

Fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń fi trélà gbé ọkọ̀ ojú omi, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó ti trélà wọ inú ọ̀sà. Búlọ́ọ̀bù tó gbóná, bí omi tútù bá kàn án lójijì, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn mìíràn máa ń to gbogbo iná sórí pákó kan tó ṣeé tú, wọ́n á gbé e sílẹ̀ kí trélà tó wọ omi. Ọgbọ́n rere ni.

ÌDÁNWÒ ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN

Iná tó tàn lánàá lè má tàn lónìí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ dán an wò nígbà gbogbo tí trélà bá ń jáde, àti nígbà tó bá ń bọ̀ wálé. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan jókòó sí ìdí ọkọ̀, ọ̀kan dúró lẹ́yìn trélà. Ẹni ẹ̀yìn ni yóò máa pè é: iná ẹ̀yìn, bíréèkì, tráfíkétọ̀ òsì, tráfíkétọ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí earth tí kò dára lè gbé iná kan, kó má lè gbé márùn-ún. Kí ó tún wò ó bóyá ẹrù tàbí aṣọ kánópì kò bo iná. Iná tí aṣọ bò kò yàtọ̀ sí iná tó kú.

Bí iná bá kú lójú ọ̀nà ní òru ńkọ́? Kí awakọ̀ má sọ pé ilé kù díẹ̀. Kí ó yà kúrò lójú títì pátápátá, kí ó gbé C-caution sílẹ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn trélà, kí àwọn èrò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró sí apá tí ọkọ̀ kì í gbà. Ewé àti ẹ̀ka igi tí a máa ń jù sójú ọ̀nà kò tó. Ewé kì í dán lóru.

Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí iná ọkọ̀ má pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ló yẹ kó mú wa ṣe é. Bí trélà ẹgbẹ́ bá pa ọmọ ẹlòmíràn, owó ìtanràn ni yóò kéré jù nínú ohun tí a ó san. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ìṣòro ohun ìní ẹgbẹ́ ni pé gbogbo wa la ni ín, nítorí náà oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó yá a ní Sátidé rò pé ẹni Jímọ̀ ti dán iná rẹ̀ wò. Ohun mẹ́rin la fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí.

Èkíní, kí owó wáyà, púlọ́ọ̀gì, àpótí, iná àti gíláàsì pupa wọ inú ètò ìnáwó pọ̀ mọ́ owó trélà, kí ó má ṣe di ọ̀rọ̀ “tó bá yá”.

Èkejì, kí rẹ́wáyà kan ṣe é lójú ọmọ ẹgbẹ́ méjì, kí ó sì ya àwòrán bó ṣe so wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan yóò wà ní ọ́fíìsì, ẹ̀dà kan yóò wà nínú trélà. Rẹ́wáyà mìíràn tó bá dé lọ́jọ́ iwájú kò ní máa fọwọ́ tálẹ̀ bí afọ́jú.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé kan wà tí awakọ̀ àti ẹni tó dúró lẹ́yìn yóò máa fọwọ́ sí lẹ́yìn ìdánwò. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wọ Nàìjíríà, ìwé àkọsílẹ̀ la fi ń mọ ẹgbẹ́ tó wà láàyè. Bí a bá ń kọ náírà sílẹ̀, a lè kọ iná sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó di òfin láàárín wa pé: iná kò tàn, trélà kò jáde. Ì báà jẹ́ ìgbéyàwó ọmọ alága, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ti sanwó tán. Àga lè pẹ́ kó tó dé òde, wọn yóò bínú sí wa, wọn yóò sì dárí jì wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dìbò. Owó wa ni, ọmọ wa ni yóò máa wa ọkọ̀ náà, aládùúgbò wa ni yóò sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lóru. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi wá nísinsìnyí.